Àkísà Àdìrẹ Lórí Wínskírín: Ohun Tí Mo Rí Lára Mọ́tò Màmá Kan

Oṣù kìíní ni, ọyẹ́ ń mú gan-an, eruku ti bo gbogbo òrùlé Abẹ́òkúta débi pé èèyàn ò mọ páànù tuntun yàtọ̀ sí èyí tó ti dípẹtà mọ́. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ádátán níbi tí mo ti ń fọ mọ́tò tí mo sì ń lẹ tíǹtì, ni Màmá kan bá gbé Highlander wọn wọlé. Ìtòkú ni wọ́n ti ń ta àdìrẹ, wọ́n ti lé lọ́gọ́ta ọdún, síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ń wa mọ́tò gbé ọjà lọ Èkó, wọ́n á sì wà á padà lálẹ́. Wọn ò tíì jẹ́ kí n kí wọn tán tí wọ́n fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, ṣe ni mo ń wo títì bí ẹni tó ń wò ó látinú ọ̀rá píọ́wọ́tà. Tó bá ti di alẹ́, iná mọ́tò tó ń bọ̀ á kàn fọ́n ká lójú mi. Mo ti lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú o, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe ojú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù, torí ọ̀nà Ṣágámù lálẹ́ kì í ṣe ibi téèyàn ti ń méfò ojú títì.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lára mọ́tò yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Gíláàsì iwájú, wọ́n ti fi oògùn tó ń lé omi kùn ún níta lọ́dún tó kọjá, èmi kọ́ ni mo kùn ún. Oògùn yìí ló máa ń jẹ́ kí òjò ká jọ kóróńkóró kí atẹ́gùn sì gbá a lọ téèyàn bá ń sáré, pàápàá tó bá ti ń sún mọ́ 60 kìlómítà ní wákàtí kan, àmọ́ ẹni tó bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kútọ̀ ṣì máa lo wáípà ẹ̀ dandan. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní tíǹtì, ti ẹ̀yìn náà ní, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn yẹn ti pẹ́, ó ti di àwọ̀ àlùkò, ó sì ti lé róróró káàkiri.

Ẹ gbọ́, tíǹtì tí à ń lẹ̀ yìí kì í ṣe nǹkan tí wọ́n pò mọ́ gíláàsì. Ọ̀rá fẹ́lẹ́ ni, ó ní gọ́ọ̀mù lójú kan tí a fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú gíláàsì, ojú kejì tó kọjú sí wa nínú mọ́tò ni wọ́n fi nǹkan tó le díẹ̀ kùn kó má bàa tètè họ. Ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá ń nu gíláàsì yín nínú, ẹ ò fọwọ́ kan gíláàsì rárá, ọ̀rá lẹ̀ ń nù. Àwọn mọ́tò kan wà o tí dúdú gíláàsì ẹ̀yìn wọn ti iléeṣẹ́ wá, ìyẹn ò ní ọ̀rá, wọ́n da àwọ̀ mọ́ gíláàsì fúnra ẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá dá lójú, tó bá jẹ́ gíláàsì ẹnu ọ̀nà ni, kó yí i sílẹ̀ díẹ̀ kó wo etí ẹ̀ lókè, tó bá jẹ́ ọ̀rá ló wà níbẹ̀ ó máa rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí tíǹtì ò dé.

Mo rò pé inú gíláàsì ni wàhálà Màmá ti wá. Èrò yẹn ò burú, torí dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń gbóná lóòrùn lójoojúmọ́ máa ń tú ọ̀rá kan jáde bí èéfín téèyàn ò lè fojú rí, á lọ lẹ̀ mọ́ inú gíláàsì iwájú, tí wọ́n bá tún wá ń fi pọ́líìṣì dídán kun dáṣíbọ́ọ̀dù ó ti kúrò ní kékeré. Mo fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ nù ún, mo fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, gíláàsì ń dán yanran, Màmá sanwó, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n lọ. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́jọ alẹ́, fóònù mi dún. Wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, ó ṣì wà bó ṣe wà."

Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn. Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi mọ́tò sílẹ̀ fún mi di alẹ́, mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo mú aṣọ tó tutù díẹ̀, mo fi nu inú láti ọ̀tún sí òsì, mo nu ìta láti òkè wá sílẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ. Ilẹ̀ ṣú, mo jókòó síbi tí dírẹ́bà ń jókòó sí, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán kó tan tọ́ọ̀ṣì sí mi. Ìlà tí mo rí nínú iná yẹn, láti òkè wá sílẹ̀ ni. Ìta ni! Inú ò ní ẹ̀sùn kankan lọ́rùn.

Ohun tó ti tàn mí jẹ ni pé mo ti da omi sí ìta yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi ká jọ kóróńkóró ó sì yí lọ, mo wá gbà pé oògùn tí wọ́n kùn síbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo tún da omi sí i báyìí, mo tẹ̀ ba mo wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Lókè pátápátá níbi tí wáípà ò dé, omi yẹn kéré ó sì rí roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Níbi tí wáípà ń gbá, àwọn kan fẹ̀, àwọn kan gùn, ibòmíì tiẹ̀ wà tí omi kàn dúró gẹlẹtẹ tí kò lọ. Mo fi èékánná fà á. Nǹkan funfun kan kó sábẹ́ èékánná mi, ó rọ̀, ó ń yọ̀, mo gbé e símú, àbẹ́là ni mò ń gbọ́.

Àbẹ́là kẹ̀, lórí gíláàsì mọ́tò?

Mo pe Màmá, mo bi wọ́n léèrè ta ló ń bá wọn fọ mọ́tò nílé. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn kan tó ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ àwọn ni, àti pé ọmọ náà mọ iṣẹ́ ẹ̀, àràárọ̀ ló ń nu mọ́tò. Mo ní kí ọmọ náà jọ̀ọ́ bá mi kó gbogbo ohun tó fi ń fọ̀ ọ́ wá, kó má yọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Ó wá ní Sátidé, ọmọ tó mọ èèyàn kí ni, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní "Ẹ káàárọ̀ sà." Ó gbé ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun sílẹ̀, ó gbé ike míńírà kan tó da omi gíláàsì sí sílẹ̀, kànìnkànìn onírin kan wà níbẹ̀, ó wá tú àpò kan sílẹ̀ tí àkísà àdìrẹ kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn aṣọ tó bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni, èyí tí bátànì ẹ̀ yà, èyí tí aró ò mú dáadáa, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́.

"Bọ̀ọ́dá, gíláàsì yẹn ti dára sí i látìgbà tí mo ti ń fi èyí nù ún," ló sọ fún mi. "Omi kì í dúró lórí ẹ̀ mọ́, ṣe ló ń yí bí ìlẹ̀kẹ̀."

Mo mú ọ̀kan nínú àkísà náà, mo tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ Ìtòkú á mọ̀ pé àdìrẹ alábẹ́là ló pọ̀ lóde báyìí ju ẹlẹ́kọ lọ. Wọ́n á gé fóòmù ní bátànì, wọ́n á rì í sínú àbẹ́là tó ń hó, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ, ibi tí àbẹ́là bá bà ni aró ò ní wọ̀, tí wọ́n bá re é tán wọ́n á wá bọ aṣọ náà nínú omi gbígbóná kí àbẹ́là lè yọ́ kúrò. Aṣọ tí wọ́n máa tà ni wọ́n ń bọ̀ débi tó yẹ. Èyí tó ti bàjẹ́, ta ló fẹ́ fi iná ṣòfò lé e lórí? Torí náà ibi funfun inú bátànì lára àkísà yẹn ṣì gan pakapaka, mo ká a, ó kán bí páálí, àbẹ́là bú sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì wẹ́wẹ́. Tí wọ́n bá fi irú aṣọ bẹ́ẹ̀ nu gíláàsì tó ti jókòó sóòrùn láti àárọ̀, àbẹ́là á rọ̀, á tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, òun náà á sì máa lé omi bí oògùn gidi ṣe ń lé e. Ohun tí ọmọ náà rí tó fi ń dunnú nìyẹn, òun náà ni mo rí tó fi ṣì mí lọ́nà. Èyí tó bá tún jẹ́ ẹlẹ́kọ nínú àkísà yẹn, láfún ni wọ́n fi ya á, ìyẹn tó bá tutù á máa fi nǹkan bí ẹfun sílẹ̀.

Mi ò bá ọmọ náà jà. Aṣọ òwú tó ti gbó tó sì rọ̀ dáa fún gíláàsì, àwọn àgbà tó ń fi í nù ún ò jẹ̀bi, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún un pé àkísà iṣẹ́ àdìrẹ kì í ṣe aṣọ gbígbó lásán.

Ike míńírà yẹn ló bà mí nínú jẹ́. Mo ṣí i, òórùn ìtọ̀ tó ti sùn mọ́jú ló gbá mi nímú. Ammonia nìyẹn, kẹ́míkà tó máa ń wà nínú àwọn omi gíláàsì kan. Lórí gíláàsì tí kò ní nǹkan lára, ammonia máa ń fọ̀ ọ́ mọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ lára tíǹtì, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ ojú ọ̀rá náà, á máa ṣú, gọ́ọ̀mù etí ẹ̀ á máa rọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè. Etí tíǹtì ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ti ń ká, inú ẹ̀ sì họ yánnayànna torí sítíkà kan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ọmọ náà fi kànìnkànìn onírin ha gọ́ọ̀mù ẹ̀ kúrò. Ojú ọ̀rá tó bá ti họ báyẹn kò ní àtúnṣe o, ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé òun máa fi pọ́líìṣì yọ ọ́ ń jẹ owó yín ni.

Ti gíláàsì ẹ̀yìn pátápátá, mo sọ òótọ́ fún Màmá pé kì í ṣe ọmọ ló bà á jẹ́. Tíǹtì tó pọ́ọ́kú ni, àwọ̀ tí wọ́n kàn re sí i ló ní, oòrùn ló ń jẹ àwọ̀ yẹn tó fi ń kù sí àlùkò, gọ́ọ̀mù tó ti gbó ló sì jẹ́ kó lé.

Iṣẹ́ wá kù. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ ibòji, kí gíláàsì tó gbóná. Omi ni mo kọ́kọ́ dà sí i, omi púpọ̀, kí n tó fi aṣọ kankan kàn án. Mo ń tẹnu mọ́ èyí fún gbogbo oníbàárà mi lásìkò ọyẹ́: eruku yẹn kì í ṣe yẹ̀fun, yanrìn kíkúnná ni, tẹ́ ẹ bá tún ń gba ọ̀nà Òdẹ̀dá níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ẹ̀lọ̀ òkúta gidi ló wà lórí gíláàsì yín, ẹni tó bá fi aṣọ gbígbẹ nù ún ń fi síńpépà yún un ni. Lẹ́yìn ìyẹn mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ìfọwo fọ̀ ọ́, àbẹ́là kúrò díẹ̀. Mo wá da tọ́pẹ́ńtàìnì díẹ̀ sára aṣọ funfun kan, mo ń nù ún ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ àtẹ́lẹwọ́, mo ṣọ́ ọ kó má kan rọ́bà kó má kan pẹ́ńtì. Ọmọ náà dúró tì mí. Nígbà tí mo yí aṣọ funfun náà padà, ó ti rí bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́. Aró ni! Aró ti bá àbẹ́là dé orí gíláàsì Màmá, ó jókòó síbẹ̀, ìyá ń gba inú aró wo ọ̀nà Ṣágámù lálẹ́. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn gba aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ń wò ó.

Mo fi ọṣẹ fọ tọ́pẹ́ńtàìnì kúrò. Ibi ẹsẹ̀ wáípà nísàlẹ̀ ní àmì funfun funfun tí omi bóòhóòlù máa ń fi sílẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ gíláàsì, fíníkà ni mo fi yọ ìyẹn, ìdajì fíníkà ìdajì omi, mo rẹ aṣọ sínú ẹ̀ mo tẹ́ ẹ lé e lórí bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo fi omi ṣàn án. Ìta nìkan ni mo ń lo fíníkà sí o. Mo wá fi pọ́líìṣì gíláàsì kun gbogbo ibi tí omi ṣì ń ká jọ, mo fi sípírítì nù ún kẹ́yìn. Mo da omi sí i. Lọ́tẹ̀ yìí omi tẹ́ pẹrẹsẹ láti etí dé etí, kò ká jọ níbì kankan, ìgbà yẹn lọkàn mi balẹ̀ pé gíláàsì wà níhòòhò, kò sí àbẹ́là, kò sí oògùn àtijọ́. Ìgbà yẹn náà ni mo tó kun oògùn tuntun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo jẹ́ kó ṣú díẹ̀, mo nù ún kúrò.

Mi ò gbàgbé wáípà. Màmá ti sọ fún mi pé ó ń fò gbọ̀n-ọ̀n gbọ̀n-ọ̀n nígbà tí wọ́n bá fi omi fọ gíláàsì, ó tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, rọ́bà wáípà fẹ́ máa yọ̀ lọ geerege ni, tó bá dé orí àbẹ́là á lẹ̀, á já, á tún lẹ̀. Mo fi sípírítì nu rọ́bà méjèèjì, ọ̀kan ti ya létí, mo bá pààrọ̀ wọn pọ̀.

Gíláàsì ẹnu ọ̀nà mẹ́ta tó ṣì dáa, omi àti ẹ̀kán ṣáńpù ọmọdé ni mo fi nù wọ́n nínú, aṣọ máíkírófáíbà kan fún títutù, òmíràn fún gbígbẹ. Kò gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹrin tó họ, mo yọ tíǹtì ẹ̀ mo lẹ tuntun. Màmá fẹ́ kó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ní rárá Màmá, òfin tíǹtì ti wà nílẹ̀ láti 1991, ìwé àṣẹ tẹ́ ẹ gbà ò ní kẹ́ ẹ wá sọ mọ́tò di àkámọ́, ẹ̀yin náà sì ń wakọ̀ lálẹ́.

Gíláàsì ẹ̀yìn ló gba àkókò. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé iná kọjá láti lé ìrì kúrò wà nínú gíláàsì yẹn, abẹ́ tíǹtì gan-an ni wọ́n wà, ẹni tó bá gbé réésà lé e máa gé wọn ni. Mo gbé mọ́tò sóòrùn, mo wọ́n omi ọṣẹ sí tíǹtì, mo fi ọ̀rá dúdú bo ìta, mo jẹ́ kó gbóná dáadáa kí gọ́ọ̀mù rọ̀, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bó o láti igun kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo sọ fún ọmọ náà níbẹ̀ pé àwọn kan wà tó jẹ́ pé ammonia yìí gan-an ni wọ́n ń wọ́n sí tíǹtì àtijọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, torí ó ń tú gọ́ọ̀mù. Mi ò lò ó torí inú mọ́tò há, èéfín ẹ̀ kò dáa fún àyà. Ó wò mí, ó ní, "Bọ̀ọ́dá, ohun tí mò ń fọ́n sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nìyẹn?" Mo ní òun ni. Gọ́ọ̀mù tó kù lórí àwọn ìlà yẹn, èékánná àti omi ọṣẹ la jọ fi yọ ọ́, èmi àti ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́ta.

Nígbà tí Màmá máa gbé mọ́tò, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má yí gíláàsì tí mo lẹ tíǹtì tuntun sí yẹn sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin ó kéré tán, kẹ́nikẹ́ni má sì nu inú ẹ̀ fún oṣù kan. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè. "Ìwọ ọmọ yìí, tíǹtì rẹ ti ń lé o!" Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò fún mi. Omi ni, omi tí a fi lẹ̀ ẹ́ ló ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ dà bí ìrì. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n jẹ́ kóòrùn máa bá a ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó ti gbẹ ráúráú.

Wọ́n tún pè mí nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ nínú oṣù kẹta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, wọ́n ní iná mọ́tò tó ń bọ̀ ti dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ń rí ìlà funfun ojú títì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, tọkàntọkàn.

Ọmọ náà fúnra ẹ̀ wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó gbé àpò kan náà wá, àkísà àdìrẹ ló tún wà nínú ẹ̀, mo ti fẹ́ figbe ta kó tó ní kí n fara balẹ̀. Ó ní òun ti bọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta nínú omi tó ń hó, òun fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, òun wá tẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín ìwé ìròyìn, òun fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ó kó àwọn ìwé ìròyìn náà jáde. Ti ìgbà àkọ́kọ́, àmì àbẹ́là wà lójú ẹ̀ bí ìgbà téèyàn fi ìwé di àkàrà. Ti ìgbà kejì, díẹ̀. Ti ìgbà kẹta, ó nà án sókè sí oòrùn kí n lè rí i dáadáa, kò sí àmì kankan níbẹ̀ ju lẹ́tà ìwé ìròyìn lọ. Mo ra ogún lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ni mo fi ń nu ìta gíláàsì ní ṣọ́ọ̀bù mi báyìí.